Títí di Ọjọ́ Àgbélébùú Àwọn Bíríkìlà

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kejì

Amparo, 38 pésò ni mo ra ìwé yìí. Yadira tí o kọ́ níṣẹ́ ló ní kí n máa kọ ohun tó bá wà lọ́kàn mi sílẹ̀, torí ó ti gbọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta tí mò ń bá àga rẹ sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì ìyàwòrán ilé wa. Ó ní òun kò bínú sí i, àmọ́ ẹ̀rù ń ba àwọn tó ń wá bẹ̀ wá níṣẹ́. Òní ló pé ogójì ọjọ́ tí o lọ. Òjò wínníwínní ń rọ̀ láti àárọ̀, aṣọ tí mo sá láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣì tutù.

Olmedo, tí òun náà ní ọ́fíìsì ìyàwòrán ilé, wá. Ó jókòó, ó yẹ gbogbo ara ògiri wò bí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n, ó wá ní òun fẹ́ ra ọ́fíìsì wa.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe tábìlì ni mò ń rà o. Tábìlì pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Orúkọ ìyàwó yín ni mo fẹ́ rà, àti àwọn pílánù inú dúrọ́ọ̀ yìí, àti iṣẹ́ ilé ìwòsàn Coatepec tó wà lọ́wọ́. Màá gba Yadira náà síṣẹ́."

Ó dárúkọ 400,000 pésò. Ó ní kí n fún òun lésì kó tó di ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Àgbélébùú tí í ṣe àjọ̀dún àwọn bíríkìlà, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò bọ́ àwọn bíríkìlà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni wọ́n láti ìgbà náà lọ.

Mo ní màá rò ó. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tà, kì í sì ṣe pé mi ò fẹ́. 41,300 ló wà ní báńkì. Tí a bá ro ohun tó kù tí àwọn àgbẹ̀ kọfí tó ni ilé ìwòsàn náà máa san mọ́ ọn, owó ilé àti owó oṣù Yadira máa tó títí di ìparí oṣù Kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Èmi tí mo ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlá kí o tó ní kí n wá máa ṣírò owó fún ọ, ìṣirò tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kejì

Mo lọ san owó ọ̀sẹ̀ àwọn bíríkìlà ní Coatepec. Àwọn mẹ́rìnlá, àpò ìwé mẹ́rìnlá. Ọ̀gá Eleuterio, olórí wọn, tú tirẹ̀, ó kà á, ó ní, "Akọ̀wé, owó rẹ pé. Ojú rẹ ni kò pé. Máa jẹun."


Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Ọjọ́ Eérú. Mo gba eérú sórí, mo padà sí ọ́fíìsì, òjò kò jẹ́ kí n tún jáde. Bí mo ṣe kó ìwé owó ọdún mẹ́fà jáde nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ìdí tí a kò fi ní nǹkan kan, nígbà tí iṣẹ́ kò dín rí.

Iṣẹ́ kò dín lóòótọ́. Ṣe ló ń pọ̀ lọ́dọọdún. Owó tó ń wọlé ló ń dín lọ́dọọdún. Mo rò pé mo ti ṣì í ṣe, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ló já sí.

Amparo, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa ń gbà, mẹ́jọ nínú gbogbo ohun tí ilé bá ná ẹni tó ni ín. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kọfí kọ́kọ́ dé, ilé ìwòsàn wọn máa ná wọn ní 3,200,000. O jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta. O yọ òpó mọ́kànlá kúrò. O yí ilé náà kojú sí afẹ́fẹ́ kí wọ́n má baà ra ẹ̀rọ amúlétutù. O ní kí wọ́n fi òkúta odò ara wọn mọ ògiri. Nígbà tí o ṣe tán, ó di 2,100,000. Wọ́n jó, wọ́n gbé tamale, àgbàdo tí wọ́n fi ewé pọ́n, wá. Owó tiwa náà sì sọ̀ kalẹ̀ láti 256,000 sí 168,000. Oṣù mẹ́ta lo fi ṣiṣẹ́ kí a lè pàdánù 88,000.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé oníbúrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Bí ọwọ́ rẹ ṣe ń dára sí i ni a ń tòṣì sí i. Èmi ni mo sì ń kọ rìsíìtì. Ìwọ ń fi pẹ́ńsùlù gé owó oúnjẹ wa, èmi sì jókòó tì ọ́, mò ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù náà fún ọ kó lè mú dáadáa.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan, pẹ̀lú eérú níwájú orí. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Mo fi ìṣirò náà han Yadira. Ó wò ó títí. "Bàbá Nicanor," ló ní, "ẹ jẹ́ kí n lọ mu omi."


Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Ìyá Hermila. Òun ṣì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kọfí, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó sì ń gun orí òkè oko rẹ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé. Mo ní a fẹ́ yí owó iṣẹ́ wa padà sí iye kan pàtó, 256,000, kó má lọ sókè, kó má bọ̀ sílẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni tó rí kòkòrò lára ewé.

"Nicanor, ṣé ìwọ náà ti wá di báyìí? Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí obìnrin yẹn kú, o ti gbé owó lé orí iṣẹ́ rẹ̀. Amparo kò béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa rí."

"Ìyá, òun gan-an ni kò mọ̀."

"Tí òun kò bá mọ̀, ìwọ wá mọ̀? Ta ló kàwé nínú yín?"

Mo jẹ tamale tí ó gbé síwájú mi, mo dúpẹ́. Ó fún mi ní kọfí kílò kan, ó tì mí jáde. Mo bínú títí mo fi dé ilé. Mo se kọfí náà. Kọfí tó dára ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta

Sìmẹ́ǹtì ti kúrò ní 245, ó ti di 268 pésò. Ṣùgbọ́n Yadira ti ra igba àpò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti tò wọ́n sórí pákó kí ọ̀rinrin má mú wọn. 4,600 pésò la fi jèrè. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ bá ti ní kí n dúró."

Òótọ́ ni. Ǹ bá ti ní kó dúró.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

A da kọnkéré òrùlé ilé ìwòsàn lónìí! Oòrùn yọ bí ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Láti aago márùn-ún ìdájí ni àwọn mẹ́rìnlá ti tò sórí àkàbà, tí garawa ń lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́, tí wọ́n ń ké síra wọn. Wọn kò gbọ́dọ̀ dúró títí ó fi parí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yadira wà lókè pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀, ó ń fi igi wọn bí kọnkéré náà ṣe nípọn tó. Ọ̀gá Eleuterio pariwo mọ́ ọn pé kó kúrò lójú ọ̀nà, òun náà sì pariwo padà pé kó tún apá òsì dà, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ó tún un dà.

Aago mẹ́ta ni wọ́n parí. Mo pín àpò ìwé. Mo ti ronú jinlẹ̀ lórí oúnjẹ tí o máa ń sè fún wọn lọ́jọ́ òrùlé. Ẹran, tọ́tíyà tí a fi ń jẹ ẹ́, ọtí bíà fún ènìyàn mẹ́rìnlá, ta ni yóò sè é, ta ni yóò gbé e wá? Mo fi 120 pésò sí àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan dípò rẹ̀. Kí kálukú ra ohun tó bá wù ú. Mo rò pé mo ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu. Wọ́n gbà á, wọ́n lọ sílé. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́.


Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù Kẹta

Aago méje àárọ̀ ni Ọ̀gá Eleuterio kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò wá sí ọ́fíìsì rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó da owó sórí tábìlì.

"1,680. Kà á, Akọ̀wé. Ó pé."

"Ọ̀gá Eleuterio, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Àwọn ọmọ ní kí n dá a padà. Owó iṣẹ́ wa wà lọ́wọ́ wa. Èyí, a ò mọ ohun tó jẹ́."

"Owó oúnjẹ ni. Mo rò pé yóò rọrùn—"

"Fún ta ni?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Nígbà tí ènìyàn bá da òrùlé lé orí ilé, ẹni tó ni iṣẹ́ máa ń bá a jókòó jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni yóò fi mọ̀ pé onílé gbà pé òrùlé náà kò ní wó. Ìwọ fún wa lówó kí a máa lọ. Ṣé nígbà tí ìyàwó rẹ kú, ìkòkò rẹ náà kú ni?"

Yadira wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kò gbé ojú sókè.

"Ìkòkò kò kú," mo ní. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni."

Ó dé fìlà rẹ̀. "Kọ́ ọ. Ọjọ́rú ni ebi máa ń pa mí jù."


Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹrin

Mo sè é fúnra mi. Amparo, má rẹ́rìn-ín. Yadira bá mi ra ẹran, ó sì sè é. Ẹ̀wà dúdú, mo rí i ṣe. Ìrẹsì ló jó mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan o. Mi ò mọ bí ìrẹsì ṣe lè jó láti ìsàlẹ̀ kí òórùn rẹ̀ dé òkè, kí àárín rẹ̀ sì tún le bí òkúta.

A tẹ́ pákó sábẹ́ òrùlé, a jókòó. Ọ̀gá Eleuterio bu ìrẹsì náà, ó jẹ ẹ́, ó rọra fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ," ló ní, "ta ló ní sìmẹ́ǹtì ti wọ́n? Ẹ jẹ́ ká máa fi èyí mọ ògiri."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọtí gba imú ọ̀kan nínú wọn jáde. Wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá Eleuterio ní kí n jókòó, ẹran ń tutù.

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí Ìyá Hermila dé láti wá wo òrùlé. Wọ́n fún un ní àwo. Ó na ìka sókè, ó ní irú àjà tó gbòòrò báyìí láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀, ṣé kò ní wó lé àwọn aláìsàn lórí? Ọ̀gá Eleuterio ní, "Ìyá, ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òpó mọ́kànlá ni a ì bá fi kún ibí yìí, kò sì sí èyí tí yóò ṣe nǹkan kan ju kó máa jẹ irin àti sìmẹ́ǹtì yín lọ. Obìnrin yẹn rí i kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí ẹ fi san án fún un? Ẹ gé owó rẹ̀."

"Ta ló gé owó rẹ̀?"

"Ìdá mẹ́jọ ni wọ́n ń gbà nínú iye tí ilé bá ná yín. Tí ó bá fi yín sílẹ̀ kí ẹ ra òpó mọ́kànlá, òun ni yóò jèrè."

Ìyá Hermila fi àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Nígbà tí a bá ṣa kọfí wa, tí a yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń rà á máa ń gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n á ní ó fúyẹ́, owó rẹ̀ á dín. Ogún ọdún ni mo fi bá wọn jà lórí ẹ̀." Ó nu ẹnu. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ báyìí lọ́jọ́ yẹn? O kàn jókòó, o ń jẹ tamale mi."

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, Ìyá."

"O lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu kíkún. Wá sí ìpàdé wa ní ọjọ́ kọkànlá. Má gbé ìrẹsì wá."


Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Kẹrin

Wọ́n gbà. Àgbẹ̀ méjìdínlógún ló jókòó, wọ́n yọ mí lẹ́nu fún wákàtí méjì, wọ́n fà á wá sí 240,000. Owó pàtó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò san án. Wọ́n tún ní tí iṣẹ́ yìí bá parí dáadáa, a ó ya ilé ìṣa-kọfí wọn, bákan náà, owó pàtó. Ọkàn mi fò bí ti ọmọdé.

Ṣùgbọ́n Ìyá Hermila fi ìka lé ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn tuntun náà. Orúkọ rẹ ni mo tẹ̀ síbẹ̀. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò tilẹ̀ rò ó.

"Nicanor, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ òkú kì í dáhùn tí òrùlé bá ń jò. Lọ kọ orúkọ ẹni tí màá pè."

Mo gbé ìwé náà padà bọ̀ láìfọwọ́sí.


Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹrin

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìlú. Mo jókòó sí àgbàlá, mo bó ẹ̀pà. Oòrùn gbígbóná. Mo se ìrẹsì, kò jó.


Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Kẹrin

Olmedo tẹ̀ mí láago, ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó wá sọ bí ẹni tó ń ṣeré pé òun ti fi 26,000 lóṣù lọ Yadira, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Mo gbé fóònù sílẹ̀. 18,000 ni a ń san fún un. Yadira wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń ya fèrèsé.

Mo se kọfí. Mo gbé tirẹ̀ fún un. Mo jókòó. Mo dìde. Mo tún jókòó.

"Bàbá Nicanor, ẹ sọ ọ́."

"Olmedo ní òun ti bá ọ sọ̀rọ̀."

"Láti oṣù Kejì."

"O ò sọ fún mi."

Ó fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. "Ẹ bi mí? Ẹ̀yin àti Olmedo ti ń dúnàá-dúrà lórí mi láti oṣù méjì bí ẹni ń ra tábìlì. Òun ní òun á mú mi mọ́ ọ́fíìsì. Ẹ̀yin ń ṣírò owó oṣù mi mọ́ owó iná. Kò sí ẹni tó bi mí pé, Yadira, kí lo fẹ́? Ọdún mẹ́jọ ni mo ti wà níbí."

Ojú tì mí. Mo bi í.

Ó fẹ́ ìdajì. Ìdajì èrè, ìdajì gbèsè. Ó fẹ́ kí a máa gba owó pàtó lórí gbogbo iṣẹ́ láti ìsinsìnyí. Ó tún fẹ́ kí n yéé ra bébà tó rọ̀ yẹn, tí yíǹkì máa ń tàn lára rẹ̀. Mo ní mo gba gbogbo rẹ̀, àfi ti bébà, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀, mo sọ ohun tí Ìyá Hermila wí.

Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó ní kí orúkọ tìrẹ wà lókè, kí tòun kéré nísàlẹ̀. "Àwọn ló kọ́ mi, Bàbá. Báwo ni màá ṣe pa orúkọ wọn rẹ́?" Ó sunkún díẹ̀. Èmi náà sunkún. A kò parí ọ̀rọ̀ náà.


Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi rò ó. Mo rí i pé ohun tí Olmedo ń rà náà nìyí: orúkọ tí kò ní dáhùn mọ́, tí ẹlòmíràn á máa jẹun lórí rẹ̀. Tí èmi náà bá fi sílẹ̀ lórí pátákó, kí ló yàtọ̀ nínú èmi àti òun? Èmi nìkan ló lè yọ ọ́. Kò yẹ kí n jẹ́ kó di ẹrù sórí Yadira.

Mo bá ọkùnrin tó ń kọ pátákó lọ sí Coatepec. Pátákó iwájú ilé ìwòsàn ni. 350 pésò ló gbà. Mo dúró tì í títí ọ̀dà funfun fi bo orúkọ rẹ. Lẹ́tà mẹ́fà, Amparo. Mo kà wọ́n bó ṣe ń bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́: Ọ́fíìsì Yadira Landero àti Nicanor Ubaldo. Tèmi kò gbọ́dọ̀ tóbi tó tirẹ̀, mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Mo padà dé ọ́fíìsì, mo tẹ ìwé àdéhùn tuntun, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Mo ní kó fọwọ́ sí i, kó má sì bá mi jiyàn, àgbàlagbà ni mí. Ó fọwọ́ sí i.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Karùn-ún

Báńgà ti ń dún ní gbogbo òkè láti ìdájí. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ni àgbélébùú wà. Àwọn tiwa fi bébà aláwọ̀ mèremère àti òdòdó ṣe tiwọn lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àlùfáà, wọ́n gbé e bọ̀. Ọbẹ̀ ata mole, ẹran, ìrẹsì tí mo sè fúnra mi. Ìyá Hermila tọ́ ọ wò kó tó jẹ́ kí wọ́n bù ú.

Olmedo dé ní ọ̀sán, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ó dúró níwájú pátákó fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yìí? Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ fi 400,000 rà."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá kù tí mo lè rà?"

"Kò sí. Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ìrẹsì náà dára lónìí."

Ó wò mí bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó lóòótọ́, ó jẹun, ó bu lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n gbé àgbélébùú gun òkè òrùlé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, wọn kò mọ igun tó yẹ kí wọ́n fi sí. Ọ̀gá Eleuterio dúró létí òrùlé, ó na ọwọ́ sẹ́nu, ó pariwo sílẹ̀ pé, "Ayàwòrán ilé! Níbo?"

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láti orí òrùlé, ìwọ ni mo sì máa ń wò nígbà gbogbo. Lónìí, kí n tó rò ó rárá, mo ti yíjú sí Yadira. Ó ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún mole, ó ń tọ́ka sí igun ìlà oòrùn.